Arthur Wharton, ọmọ Ákírà: eré tó gbé e ga, ìwé tó gbé e dìde

 

Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ni mo gbé wá lónìí. Arthur Wharton ni ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n etíkun tó ti Àjàṣẹ́ lọ dé Ákírà, tiwa náà ni. Òun ni àwọn òpìtàn kà sí adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láyé tó fi bọ́ọ̀lù gbígbá ṣiṣẹ́ jẹun. Bọ́ọ̀lù nìkan kọ́: ó sáré, ó gun kẹ̀kẹ́, ó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, ó kú sínú òṣì, orúkọ rẹ̀ sì wọlẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún. Kí ló fà á? Kí ló sì gbé orúkọ náà dìde? Ìbéèrè méjì yìí ni kí ẹ bá mi yẹ̀ wò.

Ìran rẹ̀

Jamestown, ní Ákírà, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1865. Henry Wharton, bàbá rẹ̀, òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, erékùṣù Grenada ló ti wá. Annie Florence Egyiriba, ìyá rẹ̀, ọmọ ilé ọba láàárín àwọn Fante ni. Ìjọ kan náà ló rán Thomas Birch Freeman, ẹni tó gúnlẹ̀ sí Cape Coast ní 1838, tó dé Àgbádárìgì ní 1842, tó sì lọ kí Ọba Gẹ̀zò ní Àgbómẹ̀ ní 1843. Ilé tí Arthur ti jáde kò ṣàjèjì sí wa rárá.

Oníwàásù àti olùkọ́ ni wọ́n fẹ́ kó dà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rán an lọ sí England lẹ́yìn 1880, tó kàwé ní Cannock, tó sì tún kàwé ní Cleveland College ní ìlú Darlington. Ìwé ni wọ́n ní kó lọ kà. Orí pápá ni ayé ti gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ lórí pápá

Ní oṣù keje 1886, ní Stamford Bridge ní London, Wharton sá 100 yáàdì ní ìṣẹ́jú-àáyá 10 géérégé níbi ìdíje àwọn sárésáré gbogbo England. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Chelsea, tí a mọ̀ mọ́ pápá náà lónìí, kò tíì sí nígbà náà. Pápá àwọn sárésáré ni Stamford Bridge ìgbà yẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún gba ipò kìíní níbi ìdíje náà.

Nínú bọ́ọ̀lù, gólíkípà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Darlington, ó lọ sí Preston North End, ó sì wà pẹ̀lú wọn ní sáà 1886 sí 1887, nígbà tó ku ìdíje kan kí wọ́n dé àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ FA. Ní 1889 ó lọ sí Rotherham Town, ibẹ̀ ló ti di agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó. Ní 1894 Sheffield United gbà á, ó sì bá wọn gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele tó ga jù lọ ní England, adúláwọ̀ kan kò ṣe é rí ṣáájú rẹ̀. Ó kọjá sí Stalybridge Rovers, Ashton North End àti Stockport County, ó sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 1902.

Gólíkípà ayé ọjọ́un kì í ṣe irú ti òní. Òfin fún un láyè láti fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù jákèjádò ìdajì pápá tirẹ̀, títí di 1912. Àwọn alátakò pẹ̀lú láyè láti fi èjìká gbá a wọ inú àwọ̀n tòun ti bọ́ọ̀lù. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, egungun rẹ̀ á sọ fún un. Ní 1942, ọkùnrin kan kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn ní Sheffield nípa ohun tó fojú ara rẹ̀ rí: àwọn mẹ́ta ń bọ̀ kíkankíkan, Wharton fò, ó fọwọ́ méjèèjì di igi òkè ojúlé gólì mú, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há bọ́ọ̀lù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ré kọjá sínú àwọ̀n. Bọ́ọ̀lù kò wọlé. Fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ìran yẹn kò kúrò lójú ẹni tó rí i.

Owó tó tán

Ọ̀nà méjì ni England pín àwọn eléré sí. Àwọn tó rọ́wọ́ họrí ń ṣe é láìgbowó, àwọn la sì ń bọ̀wọ̀ fún. Àwọn tí kò ní ń gbowó, wọ́n sì kéré lójú. Nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, orúkọ méjèèjì yàtọ̀, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ pápá sì máa ń yàtọ̀; ọdún 1962 ni wọ́n tó pa ìyàsọ́tọ̀ yìí rẹ́. Bí Wharton ti gbowó, ìdíje àwọn tí kì í gbowó ti sé mọ́ ọn. Owó tó sì ń gbà kò ju ti ọ̀sẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ara bá rẹ̀, owó tán.

Ẹ jẹ́ ká fi í wé George Hirst, tí òun náà ń gbowó, tó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún àgbègbè Yorkshire, níbi tí Wharton ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀. Hirst mọ igi gbá, ó sì mọ bọ́ọ̀lù jù. Ní sáà 1906 nìkan, ó gba àmì ayò 2,385, ó sì lé alátakò 208 kúrò nídìí igi. Báwo la ṣe mọ̀? Ẹgbẹ́ Yorkshire ní akọ̀wé tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tó ń kọ gbogbo bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà sì ṣètò ìdíje ìdúpẹ́ fún un ní 1904, tí owó tó wọlé fi jẹ́ pọ́n-ùn 3,703. Hirst ní ẹgbẹ́ tó dúró tì í, ó ní ìwé tó ń ka iṣẹ́ rẹ̀. Wharton ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwọ̀ ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn fi ń pè é dípò orúkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù England kò sì pè é rí láti wá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù.

Ó lọ ṣiṣẹ́ nínú kòtò èédú ní Edlington, nítòsí Doncaster. Ó kú ní oṣù kejìlá 1930. Wọn kò fi òkúta sórí ibojì rẹ̀.

Ìwé tó gbé e dìde

Àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ ló gbà á sílẹ̀. Wọ́n ti tẹ èsì ìdíje, orúkọ àwọn tó gbá a àti ọjọ́ tí wọ́n gbá a. Phil Vasili, òpìtàn, jókòó tì wọ́n, ó ṣa ìtàn náà jọ. Àwọn ará Sheffield tó ń bá ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà dá owó jọ, òkúta dé orí ibojì ní 1997. Ní 2003 wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ilé ọlá bọ́ọ̀lù England. Ní 2014 wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní St George's Park, níbi tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù England ti ń ṣe ìgbáradì. Bí àwọn ìwé ìròyìn yẹn kò bá tẹ èsì kankan, Vasili ì bá máa wá a títí, kò ní rí nǹkan kan.

Ẹ̀yin ará mi ní Ìta-Ìjẹ̀bú, Ṣakẹ́tẹ́ àti Ìpóbẹ́, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Ìpóbẹ́ láti 1922. Níbẹ̀, igi ọ̀pẹ ní nọ́ńbà, wọ́n ń ka ìdì ẹyìn rẹ̀, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ohun tí a ń ṣe fún ọ̀pẹ, kí ló dé tí a kò fi ṣe é fún ọmọ wa? Ta ló gbá bọ́ọ̀lù jù ní Ìta-Ìjẹ̀bú nígbà tí àwọn bàbá wa wà ní ọ̀dọ́? Àwọn àgbà tó jókòó síbí mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá lọ, ó ti lọ nìyẹn.

Mo ń bẹ yín, kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan ra ìwé ńlá kan. Kí wọ́n kọ ọjọ́ ìdíje, orúkọ gbogbo ẹni tó gbá a, iye ayò àti ẹni tó jẹ ẹ́. Kí olùkọ́ fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà ní mẹrí, ilé ìjọba ìbílẹ̀, ní Ṣakẹ́tẹ́ tàbí ní Ìpóbẹ́. Kí ẹgbẹ́ sì máa dá owó díẹ̀ pamọ́ fún ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán lórí pápá, kí ó má baà di ẹni ìgbàgbé láàyè. Ìwé kan àti bírò kan kò ju agbára wa lọ. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdíje ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀.