Kí Ló Ń Kùn Nínú Sìpíkà?



Okùn méjì ló wà lọ́wọ́ mi. Ti òsì yìí, RCA, kò ṣàjèjì sí yín: ẹnu kan pupa, èkejì funfun. Wáyà kan ló ń gbé ohùn lọ nínú ẹnu kọ̀ọ̀kan. Irin híhun tó yí i ká ló ń gbé e padà. Ti ọ̀tún ni XLR, onímú mẹ́ta, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ ìdí makirofóònù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wáyà méjì ló ń gbé ohùn nínú tirẹ̀. Irin híhun kàn bò wọ́n ni.

Iṣẹ́ wo ni wáyà kejì ń ṣe? Ọ̀dọ̀ àwọn onítẹlifóònù la ti rí i kọ́. Ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n ń ta, ilẹ̀ ni iná ń gbà padà. Ní 1881, Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ lórí wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra. Nígbà tí ọkọ̀ oníná tó ń rìn lórí irin wá gba ìgboro, tí ariwo rẹ̀ ń wọ inú tẹlifóònù, ta ní fẹ́ kọ wáyà kejì? Ariwo tó bá ba ọ̀kan á ba èkejì bákan náà. Ẹ̀rọ tó wà ní ìpẹ̀kun okùn á yọ ti ọ̀kan kúrò nínú ti èkejì: ariwo á parẹ́, ohùn á ṣẹ́kù.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé torí a fi ohùn ránṣẹ́ lódìkejì sínú wáyà kejì ló ṣe rí bẹ́ẹ̀. Rárá o. Kí ìdènà wáyà méjèèjì sí ilẹ̀ dọ́gba, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Nínú pálọ̀ ńkọ́? Okùn mítà kan kì í ṣe ti mítà 30, kò fi bẹ́ẹ̀ nílò wáyà kejì. Ẹ sì ṣọ́ra lọ́dọ̀ àwọn tó ń tajà: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ CD ń fún RCA ní fóòtì 2, ó ń fún XLR ní 4. Èyí tó pariwo jù ni etí wa á pè ní èyí tó dára jù.

Èmi náà ti jìn sí irú ọ̀fìn yìí. Sìpíkà mi ń kùn bí agbọ́n. Iná wa ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (kì í ṣe lílọ-bíbọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ yẹn o), òun ni mo ń gbọ́. Mo ra RCA olówó gọbọi sáàárín tẹlifíṣàn àti amplifáyà. Kíkùn náà ni. Lọ́jọ́ kan mo yọ okùn sátẹ́láìtì kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣàn, ilé pa lọ́lọ́. Òpó orí òrùlé ni okùn yẹn ti fara kan ilẹ̀, amplifáyà sì ní ilẹ̀ tirẹ̀ lára ògiri. Ilẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba, iná wá ń gba ara irin híhun RCA kọjá, ọ̀nà kan náà tí ohùn ń gbà.

Rẹ́páírà kan ní kí n gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì amplifáyà. Ẹ má dán an wò, ẹsẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí iná gbé yín. Tiransifọ́mà kékeré kan, tí kò ju páálí ìṣáná lọ, ni mo fi sáàárín tẹlifíṣàn àti amplifáyà. Ó ṣì wà níbẹ̀, eruku ti bò ó.