Ibi Tí Òǹkọ̀wé Ti Ń Rí Ìtàn: Igbó Ilé àti Àlọ́ Àwọn Baba Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ wa)

  

Ìbéèrè tí ìgbìmọ̀ fà lé mi lọ́wọ́ nìyí: báwo ni ilẹ̀ tí a bí òǹkọ̀wé sí, àti àlọ́ tó gbọ́ ní kékeré, ṣe ń wọ inú ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀? Oníròyìn ni èmi. Iṣẹ́ tiwa ni kí a kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí a kọ orúkọ, kí a kọ iye, kí a sì sáré gbé e fún olóòtú kí ilẹ̀ tó ṣú. Iṣẹ́ ẹni tó ń kọ ìtàn-àròsọ yàtọ̀. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ló ń kọ, síbẹ̀ a ó kà á tán, a ó mi orí, a ó ní, "Òótọ́ ni." Níbo ni òótọ́ yẹn ti wá?

Èsì mi kò gùn. Ó wá láti inú ilẹ̀ tí òǹkọ̀wé mọ̀ dunjú, àti inú ìtàn tí wọ́n sọ sí i létí. Ṣùgbọ́n kì í kàn dà wọ́n kọ o. Ó ń lò wọ́n bí gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe ń lo pákó. Gbẹ́nàgbẹ́nà kọ́ ló dá igi, ṣùgbọ́n àga tó kàn kò sí nínú igbó tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà, bí kò bá sí igi, kí ni yóò fi kàn án? Ẹ jẹ́ kí n mú ènìyàn méjì fi ṣe àpẹẹrẹ, kí n tó wá sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan ẹgbẹ́ wa.

Ọmọ Òkè-Igbó

Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ni ẹni kìíní. Ọdún 1903 ni wọ́n bí i ní Òkè-Igbó, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Ẹ gbọ́ orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀: òkè wà níbẹ̀, igbó wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ baba náà: Fágúnwà, orúkọ ilé Ifá ni. Ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ ti di onígbàgbọ́, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ló lọ, ó sì kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́. Ọmọ ilé Ifá, ọmọ ilé ìjọ, ọmọ etí igbó. Kò ju ọ̀kankan nù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní 1938 ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde. Àwọn mìíràn ti kọ ìtàn ní Yorùbá ṣáájú rẹ̀. I. B. Thomas, oníròyìn bíi tiwa, ti tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá díẹ̀díẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàrin 1929 sí 1930. Ṣùgbọ́n Èkó ni Thomas mọ̀, Èkó ló sì kọ: àdúgbò, owó, fújà àti òfófó. Fágúnwà mọ igbó, igbó ló kọ. Oníkálukú mú ohun tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí igbó fún un. Ọdẹ máa ń dá wọ igbó lóru. Ibi tí iná orí rẹ̀ dé nìkan lojú rẹ̀ dé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, etí ló kù. Ó gbọ́ ohùn, kò mọ̀ bóyá ẹyẹ ni, ẹranko ni, tàbí ohun tí kò ní orúkọ. Bó bá padà dé, gbogbo ilé á pé lé e lórí: kí lo rí? Ọdẹ yìí gan-an ni oníròyìn àkọ́kọ́ ní ìlú. Òun nìkan ló ti dé ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé, kò sì sẹ́ni tó lè já a nírọ́. Nígbà tí Fágúnwà ń wá ẹni tí yóò gbé ìtàn rẹ̀ ró, kò lọ jìnnà. Ó mú ọdẹ, ó sọ ọ́ ní Àkàrà-ògùn.

Ilẹ̀ náà ló tún fún un ní bí ìtàn ṣe ń rìn. Igbó ní ẹnu-ọ̀nà, nítorí náà oníbodè gbọ́dọ̀ wà. Òkè wà, wọ́n gbọ́dọ̀ gùn ún. Alẹ́ yóò lẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ibi sùn. Ẹni tó ti rin ọ̀nà oko Òkè-Igbó rí kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ bí a ṣe ń to ìtàn ìrìn-àjò.

Ọwọ́ tó fi mú àlọ́ ńkọ́? Nínú ìwé náà, bàbá arúgbó kan ló wá bá òǹkọ̀wé nílé, tó ní kó mú kálámù àti ìwé, kó máa kọ ohun tí òun fẹ́ sọ. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, àwọn èèyàn gbọ́, wọ́n sì ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Agbo àlọ́ abẹ́ òṣùpá ni Fágúnwà gbé sínú ìwé yẹn, tòun ti àwọn tó jókòó. Ẹni tó ń dá kàwé nínú yàrá rẹ̀ á máa rò pé èrò yí òun ká.

Kì í ṣe pé ohun ilé nìkan ló lò o. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ó ka ìwé John Bunyan, ìrìn-àjò onígbàgbọ́ lọ sí ìlú ọ̀run, tí wọ́n ti túmọ̀ sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ìwàásù inú ìwé rẹ̀ náà ní òórùn ilé ìjọ. Ṣùgbọ́n àlejò ni gbogbo ìyẹn. Orí ẹní tí Òkè-Igbó tẹ́ ni wọ́n jókòó sí.

Adẹ́mu tó jábọ́ lórí ọ̀pẹ

Ẹni kejì ni Amos Tutùọlá, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1920, ọmọ àgbẹ̀ kòkó. Nǹkan bí ọdún 6 péré ló lò nílé-ẹ̀kọ́. Ó ṣe iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hitler, ó sì di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Ibẹ̀ ló wà tó fi kọ The Palm-Wine Drinkard, tí ilé-iṣẹ́ Faber and Faber tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952.

Ibo ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀? Lórí ọ̀pẹ. Adẹ́mu kan jábọ́, ó kú. Ọ̀mu tó ń mu ẹmu rẹ̀ kò rí irú rẹ̀ mọ́, ó gbéra, ó ń wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lóko mọ̀ pé kì í ṣe idán ni kí adẹ́mu já bọ́. Igbà lè gbó, ìdí ọ̀pẹ lè yọ̀, a sì ti sin irú wọn rí. Láti inú ewu ojoojúmọ́ yìí ni ọkùnrin yìí ti fà á gùn dé ọ̀run.

Gbogbo wa la mọ àlọ́ ọmọbìnrin tó kọ gbogbo ọkọ, tó wá tẹ̀lé àlejò arẹwà kan kúrò lọ́jà. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni àlejò ń dá ẹ̀yà ara padà fún àwọn tó yá a, títí ó fi ku agbárí lásán. Àlọ́ yìí ti wà kí wọ́n tó bí Tutùọlá. Kí ló wá fi kún un? Ó ní arẹwà náà dára débi pé bí àwọn tó ń ju bọ́ǹbù bá rí i ní ìlú kan, wọn ò ní ju bọ́ǹbù síbẹ̀. Ẹni tó ti bá ọmọ ogun òfuurufú ṣiṣẹ́ ló lè ronú irú ẹ̀. Níbòmíràn, kí ọ̀mu àti ìyàwó rẹ̀ tó wọ inú igi ńlá funfun kan, wọ́n ta ikú wọn ní pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́nì, wọ́n sì fi ẹ̀rù wọn yáni pẹ̀lú èlé oṣooṣù. Igi náà ti inú àlọ́ wá, èlé ti ọjà Èkó wá. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1954, My Life in the Bush of Ghosts, iwin obìnrin kan wà tó ní tẹlifíṣọ̀n ní àtẹ́lẹwọ́. Ẹ rántí pé oṣù Kẹwàá 1959 ni tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀! Àlọ́ kì í ṣe àpótí tí a tì pa. Ẹni tó ni ín lè fi ohun tuntun sí i.

Ṣùgbọ́n ojú ti àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan nígbà náà. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tọ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ iwin àti igbó yóò jẹ́ kí òyìnbó máa fojú ará oko wò wá. Àkókò ti dá ẹjọ́ yẹn. Fágúnwà kú ní oṣù Kejìlá 1963. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Nígbà tí FESTAC dé ní 1977, eré Langbodo tí Wálé Ògúnyẹmí fà yọ láti inú ìwé náà ni Nàìjíríà gbé jáde fún gbogbo aláwọ̀ dúdú àgbáyé. Tutùọlá kú ní 1997, wọ́n ṣì ń ka ìwé rẹ̀ ní yunifásítì káàkiri. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi pamọ́ lábẹ́ ẹní ni ayé wá ń béèrè.

Igbó tòní

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Tóò, ó tó bí òwe o. Àwọn ọmọ wa láṣọ: wọ́n ní fóònù, wọ́n ní kọ̀ǹpútà, wọ́n ti ka ìwé tí a kò kà. Àkísà ni wọn ò ní. Bí ọmọ bá rí "ìrókò" nínú ìwé, tí kò rí ìrókò rí, létà lásán ni. Bí kò bá gbé àlọ́ rí, kò ní mọ̀ ìgbà tí òǹkọ̀wé ń ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kò sì ní mọ̀ ìgbà tó yí i padà.

Igbó náà sì ti yí padà. Kòkó gba apá kan, oní-pákó gé apá kan, a ti fi ìyókù gé púlọ́ọ̀tì. Èyí tó kù ń bani lẹ́rù lọ́nà mìíràn. Ní iṣẹ́ tiwa, bí a bá kọ "igbó" sí àkọlé ìròyìn báyìí, ajínigbé ló sábà máa ń tẹ̀lé e. Ìdí nìyí tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ṣe dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2020, tí àwọn ọdẹ sì wà lára wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro èyí dáadáa: ìlú ń bẹ̀rù, wọ́n pe àwọn ọdẹ, wọ́n ní kí wọ́n wọ igbó lọ wá àlàáfíà wá. Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ tí ọba rán Àkàrà-ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó nìyẹn? Ìwé ńlá kan wà nínú igbó tòní tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ. Ìròyìn tiwa kò lè kó o tán. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ ọ́, bí ọmọ tó yẹ kó kọ ọ́ kò bá mọ Láńgbòdó?

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé àlọ́ iwin á da ìgbàgbọ́ ọmọ rú. Fágúnwà tíṣà ilé ìjọ kò bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ nílò. Gẹ̀ẹ́sì ni Tutùọlá fi kọ tirẹ̀. Yorùbá tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí ayé kà á.

Nítorí náà, mo gbé ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta wá síwájú ẹgbẹ́. Èkíní, bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá lọ sílé lọ́dún yìí, kó fi fóònù gba ohùn àgbàlagbà kan tó ń pa àlọ́ kan péré. Kó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kó kọ orúkọ ìlú, kó sì mú un wá fún ibi ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ wa. Èkejì, kí a kọ orúkọ Yorùbá sí ara gbogbo igi tó wà lọ́gbà ilé-ẹ̀kọ́, kí a sì gbin ìrókò, àràbà àti ayùnrẹ́ síbi tí àyè wà. Ẹ̀kẹta, kí a fi ẹ̀bùn lélẹ̀ lọ́dọọdún fún ọmọ tó bá kọ ìtàn-àròsọ Yorùbá tó dára jù. Kó má jẹ́ àlọ́ Ìjàpá tí gbogbo wa mọ̀ ni yóò dà kọ. Ìtàn tuntun ni, tó ṣẹlẹ̀ níbi tí ọmọ náà mọ̀ dájú, ì báà jẹ́ oko, ì báà jẹ́ gáréèjì.

Iye tí gbogbo rẹ̀ yóò ná wa kò tó owó tí a ń ná sí àǹkárá ọdọọdún yìí. Ẹ má bínú o, àwàdà ni, ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú rẹ̀.