Nígbà Tí Àwòrán Bá Di Àpáàdì: Lórí Fífi Géèmù Hàn Lójú Ẹsẹ̀ láti Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀

Mo rí i pé àwọn kan nínú yín ti na fóònù sókè, wọ́n ń fi mí hàn lójú ẹsẹ̀ fún àwọn tó wà nílé. Ẹ ṣeun. Bí mo bá ń ṣe bàìbàì lójú wọn, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ní sùúrù, torí ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá síbí gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin tí irun yín ti ń funfun bíi tèmi, ẹ ó rántí òpó tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé ilé wa lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, èèyàn mẹ́ta ló máa ń ṣiṣẹ́ kí ẹnì kan tó lè wòran. Ọ̀kan á wà nídìí òpó níta, ọ̀kan á yọrí lójú fèrèsé, ìkẹta á jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n. "Ṣé ó ti mọ́?" "Kò tíì mọ́!" "Báyìí ńkọ́?" "Ó kù díẹ̀. Dúró, dúró! Áà, o ti bà á jẹ́!" Òjò là ń lé nígbà náà, àwọn ẹ̀kán funfun wóró-wóró tó máa ń bo àwòrán. Ìgbì tó ti ọ̀nà jíjìn wá ti rẹ̀, ariwo ojú ọ̀run sì ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá yí òpó síbi tó yẹ, òjò á dá.

Ọgbọ́n òpó yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń fi géèmù hàn lórí Twitch àti YouTube ṣì ń lò. Àwòrán ṣe bàìbàì, wọ́n gbé fóònù lọ sójú fèrèsé. Ó tún ṣe bàìbàì, wọ́n ra gíláàsì kámẹ́rà, wọ́n ra iná, wọ́n pààrọ̀ síìmù. Àìsàn yìí kì í ṣe ti àtijọ́. Ẹ sún mọ́ ojú fóònù nígbà tí fídíò bá bàjẹ́, kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ kò ní rí òjò níbẹ̀. Igun mẹ́rin-mẹ́rin kéékèèké lẹ ó rí, tí wọ́n tò ti ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Àpáàdì ni.

Ọmọ Ifẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ ìlú, àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti hú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde káàkiri Ilé-Ifẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni H.264 ṣe ń ṣe sí àwòrán. Ọ̀nà ìfúnpọ̀ fídíò ni, ọdún 2003 ni wọ́n parí rẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi géèmù hàn ṣì ń lò títí di òní. Ó máa ń pín àwòrán sí àpáàdì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 16, tí òró rẹ̀ náà jẹ́ 16. Bí àyè bá gbà á, á kun inú àpáàdì kọ̀ọ̀kan ní àkúnyanjú débi tí ojú ò fi ní rí ààlà wọn. Bí àyè bá há, á kun ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ kan, á sáré kọjá. Ààlà á wá yọ.

Kí ló ń mú kí àyè há? Ẹ jẹ́ kí n fi ayò ọlọ́pọ́n ṣàlàyé rẹ̀. Ihò 12, ọmọ ayò 48. Ká ní bàbá kan ń ṣàìsàn nínú ilé, kò lè jáde wá sídìí ọpọ́n, ẹ sì ní kí ọmọdé kan máa sáré wọlé lọ sọ fún un bí ayò ṣe ń lọ. Ọmọ tó gbọ́n kò ní máa ka gbogbo ihò 12 ní ìgbà gbogbo. Á kà á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ohun tó yí padà nìkan ni á máa sọ: "Wọ́n kó ihò kẹta, wọ́n pín in dé ihò keje." Bàbá á máa fi ojú inú rí ọpọ́n. Iṣẹ́ ọmọ yìí ni ohun tí wọ́n ń pè ní encoder ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà. Ó rán odindi àwòrán lẹ́ẹ̀kan, ní ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì lọ́pọ̀ ìgbà, láàárín rẹ̀ ohun tó yí padà ló ń ròyìn. Bí ẹ bá ń fi ayò hàn, ẹ lè lo íntánẹ́ẹ̀tì tó tínrín bí okùn aláǹtakùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù inú géèmù ńkọ́? Kámẹ́rà á sáré láti ojú ilé kan dé ojú ilé kejì, gbogbo koríko pápá á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn òǹwòran á yí, èéfín á rú. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan da ọpọ́n ayò nù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹ wá ní kí ọmọ náà ròyìn rẹ̀ kó tó mí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwòrán tí wọ́n ń pè ní 1080p ní píksẹ́lì 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró, ìyẹn 2,073,600. Bíìtì 24 ni àwọ̀ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gbà. Bí ẹ bá ń fi 60 irú àwòrán bẹ́ẹ̀ hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó tó bílíọ̀nù 3 bíìtì. Twitch ní kí ẹni tó ń fi 1080p hàn báyìí rán mílíọ̀nù 6 bíìtì, èyí tí wọ́n ń kọ bíi 6,000 sínú OBS, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń rán àwòrán jáde. Nínú 500, ọ̀kan ṣoṣo ló ń jáde nílé! Pé a tilẹ̀ rí nǹkan kan wò, iṣẹ́ ìyanu ni lójú tèmi, mo sì ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí ó pẹ́.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kí n wá wo wàhálà òun. Yàrá rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún síbi tí a jókòó yìí. Kọ̀ǹpútà alágbèéká wà lórí tábìlì, fáànù kékeré kọjú sí i nítorí ooru, fóònù tó ń fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ ìrọ̀rí lórí bẹ́ẹ̀dì. Géèmù bọ́ọ̀lù EA Sports FC ló ń gbá. Lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, koríko pápá tutù yọ̀yọ̀, mo sì ń ka nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Mo wá ṣí i lórí fóònù tèmi. Bí bọ́ọ̀lù bá dúró fún jíju láti ẹ̀gbẹ́ pápá, ó mọ́. Bí wọ́n bá ti gbé e sáré báyìí, koríko á di ẹ̀fọ́ tó jinná jù, bọ́ọ̀lù á sì pòórá. "Prof, ṣé ẹ rí i? Wọ́n ní kí n lọ ra kámẹ́rà." Kámẹ́rà kẹ̀! Kámẹ́rà wo ló fẹ́ ya ohun tó ń ti inú kọ̀ǹpútà jáde?

Mo ní kó wọn íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó fi í hàn mí tayọ̀tayọ̀: mẹ́gábíìtì 24. Mo ní, "Nọ́ńbà kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́?" Kò wò ó rí láyé rẹ̀. 3.1 ni.

Nọ́ńbà kejì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Àkọ́kọ́ ń sọ bí ohun tí ẹ̀ ń fà wálẹ̀ ṣe ń yára tó, òun la fi ń wo fíìmù. Èkejì ń sọ bí ohun tí ẹ̀ ń gbé ròkè ṣe ń yára tó, òun nìkan ni ẹni tó ń fi géèmù hàn ń jẹ. Ìdí tí èkejì fi máa ń kéré kò ṣòro. Máàsì, ìyẹn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lókè yẹn, ń fi agbára tó tó wáàtì mẹ́wàá lọ́nà púpọ̀ sọ̀rọ̀. Fóònù yín, nítorí bátìrì àti nítorí ìlera ara yín, kò ju bíi wáàtì 0.2 lọ. Máàsì ń ké bí akéde ọba, fóònù ń dá a lóhùn bí aláìsàn. Ẹ wá fi ìrọ̀rí bo aláìsàn náà lẹ́nu. Yàtọ̀ sí èyí, òǹwòran ló pọ̀ ju afihàn lọ láyé, nítorí náà ọ̀nà ìwálẹ̀ ni àwọn elétò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fún ní àyè jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí ti kọ 6,000 sínú OBS, ó sì ti tẹ ibi tí ẹ̀rọ fi lè dín in kù fúnra rẹ̀ bí ọ̀nà bá há. Ọ̀nà sì há lálaalẹ́. Ohun tó ń jáde kò ju 2,000 àti díẹ̀ lọ, OBS sì ń gbìyànjú láti fi í bo píksẹ́lì 1080p ní ìgbà 60. Aṣọ ìbora ọmọdé lẹ fà bo àgbàlagbà: ẹ bo orí, ẹsẹ̀ yọ.

Owó kankan kò jáde lápò wa lọ́jọ́ náà. A sọ àwòrán di 720p, ìyẹn 1,280 lọ́nà 720, a sì sọ 60 di 30. Píksẹ́lì tí ó ní láti bò ní ìṣẹ́jú àáyá kan wálẹ̀ láti mílíọ̀nù 124 sí bíi mílíọ̀nù 27 àti ààbọ̀. A mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 3.1, a kọ 2,300, a ní kó má ṣe gòkè, kó má ṣe sọ̀ kalẹ̀. A yọ fóònù lábẹ́ ìrọ̀rí, a gbé e sí ojú fèrèsé (ọgbọ́n òpó kò kúkú já sí asán pátápátá), a sì fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà dípò Wi-Fi tí gbogbo ilé ń jà lé lórí. Nígbà tí mo tún ṣí i lórí fóònù mi, koríko kò tutù tó ti ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ń lọ, mo sì ń rí i.

Ẹ má rò pé gbogbo bàìbàì ló ní oògùn yìí o. Ti ọmọ yìí ń bàjẹ́ nígbà tí nǹkan bá ń sáré, ó ń mọ́ nígbà tó bá dúró. Bí tiyín bá ṣe bàìbàì bó tilẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, ẹ wo ìwọ̀n ojú kọ̀ǹpútà yín. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí a ń rà kò ju 1,366 lọ́nà 768 lọ. Ẹ wá ní kí OBS na án di 1080p. Ẹ da omi sínú ọbẹ̀ nìyẹn, ẹran kò pọ̀ sí i. Ẹ fi í sílẹ̀ ní 720p. Bí ó bá sì jẹ́ pé ńṣe ló ń dúró, tó ń fò, tó ń dúró, yálà ọ̀nà ló kún pátápátá tàbí kọ̀ǹpútà ti rẹ̀, nítorí géèmù àti encoder ń jẹun nínú abọ́ kan náà. OBS ń kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún yín, ọ̀fẹ́ sì ni: ó ń sọ iye àwòrán tí íntánẹ́ẹ̀tì gbé sọnù, ó ń sọ iye tí kọ̀ǹpútà kò ráyè ṣe. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ní káàdì NVIDIA tó ní encoder nínú, ẹ lo encoder náà, ìyẹn NVENC, kí èyí tó kù lè gbájú mọ́ géèmù.

Àwọn alẹ́ kan sì wà tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ní Mayfair. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, kebúùlù íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lábẹ́ òkun létí Abidjan, ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló sì jìyà rẹ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ta ayò gidi.

Ẹnì kan wà tí a máa ń gbàgbé, òun ni òǹwòran. YouTube máa ń tún fídíò yín ṣe sí ìwọ̀n oríṣiríṣi kí kálukú lè mú èyí tí agbára rẹ̀ ká. Twitch kì í ṣe ìlérí èyí fún afihàn kékeré. Bí ẹ bá rán 6,000, 6,000 náà lè ni ọ̀rẹ́ yín ní Modákẹ́kẹ́ máa gbà, ìyẹn gígábáìtì 2.7 ní wákàtí kan, láti ara dátà tó fi owó ara rẹ̀ rà. Bí ẹ bá rán 2,300, ó lé díẹ̀ ní gígábáìtì 1. Lójú tèmi, 1080p láti inú yàrá ọmọ ilé-ìwé ní Mayfair, fáàrí ni. Mo sì mọ̀ pé àwọn tó ń ta kámẹ́rà àti iná níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn kò ní fẹ́ràn mi lọ́la.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ní agbègbè wa yìí, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń wà lára pátákó yín, ti ìwálẹ̀ sì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èkejì sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ rà mọ ohun tó ń rà. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ wọn tiyín ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí gbogbo ilé ń lò ó, ẹ má wọ̀n ọ́n ní aago mẹ́ta òru kí ẹ máa yọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n fún ọjọ́ méje, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú un wá fún mi ní ọ́fíìsì, kí a lè mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe rí láti Mayfair dé Lágere. Ìwé kan ti wà lórí tábìlì mi báyìí, ti ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ni. Mò ń retí tiyín.