Ta Ni Yóò Mú Ọba? Àwọn Ìjòyè Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Abala 61 nínú Magna Carta

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: bí ọba bá ti búra pé òun yóò pa òfin mọ́, tí ó sì wá da ìbúra náà, ta ni yóò mú un? Ó ti lé ní 800 ọdún tí àwọn ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dojú kọ ọ̀ràn yìí.

Mo ń pè wọ́n ní ìjòyè nítorí pé n kò rí orúkọ tí ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìjòyè tiwọn kì í ṣe afọbajẹ. Ọwọ́ ọba ni ó ti gba ilẹ̀ rẹ̀. Nítorí ilẹ̀ náà ni ó ṣe gbọ́dọ̀ kó jagunjagun fún ọba, tàbí kí ó san owó dípò wọn. Bí ó bá kú, àrólé rẹ̀ yóò sanwó kí ó tó lè jogún, iye owó náà kò sì ní gbèdéke. Ibẹ̀ ni ọba ti ń rí wọn mú: ìdílé tí ó bá jẹ ọba ní gbèsè kò lè gbójú sókè wò ó.

Ọba John lo àǹfààní yìí dé góńgó. Ní 1204, ọba Faransé gba Normandy lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún mẹ́wàá ni John sì fi ń wá owó tí yóò fi gbà á padà. Ní oṣù Keje 1214, wọ́n ṣẹ́gun àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní Bouvines. Owó ti lọ, ilẹ̀ kò padà. Apá kan nínú àwọn ìjòyè dìde, wọ́n gba London ní oṣù Karùn-ún 1215, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹfà, ní pápá Runnymede létí odò Thames, John fi èdìdì rẹ̀ sí Magna Carta.

Abala 39, tí ó ní kí á má ṣe mú òmìnira ènìyàn láìsí ìdájọ́, ni àwọn amòfin a máa yìn, wọn kò sì ṣì í. Ṣùgbọ́n abala 61 ni ó dáhùn ìbéèrè wa. Wọ́n ní kí àwọn ìjòyè yan 25 láàárín ara wọn. Bí ọba tàbí ìránṣẹ́ rẹ̀ bá ṣẹ̀, mẹ́rin nínú wọn yóò lọ fi ẹjọ́ sùn ún. Bí 40 ọjọ́ bá kọjá láìsí àtúnṣe, àwọn 25 náà, pẹ̀lú gbogbo ará ilẹ̀, lè gba ilé olódi rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ àti ohun ìní rẹ̀ títí yóò fi ṣe ohun tí ó tọ́. Ara ọba, ti ayaba àti ti àwọn ọmọ wọn nìkan ni wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ búra láti tẹ̀lé àwọn 25, ọba fúnra rẹ̀ ni yóò pàṣẹ fún un kí ó búra. Ẹ gbọ́ ná: ọba ń pàṣẹ kí á búra láti gbógun ti òun!

Níbo ni ó ti wọ́? Láàárín ẹjọ́ sísùn àti ogun, kò sí ohun kankan. Àwọn tí wọ́n pẹjọ́ ni adájọ́, àwọn náà ni wọ́n sì ni idà. John ti fi ìjọba rẹ̀ sábẹ́ Póòpù ní 1213. Ó ké sí Innocent Kẹta, ẹni tí ó pa ìwé náà rẹ́ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 1215. Ogun bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì ránṣẹ́ pe Louis, ọmọ ọba Faransé, kí ó wá jọba.

John kú ní oṣù Kẹwàá 1216. Henry ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 9. William Marshal tí ó ṣe adelé fún un, àti aṣojú Póòpù, tún ìwé náà gbé jáde ní oṣù Kọkànlá, kí wọ́n lè fi fa àwọn ìjòyè kúrò lẹ́yìn Louis. Ohun tí Póòpù pa rẹ́, aṣojú Póòpù fi èdìdì sí i! Ṣùgbọ́n wọ́n yọ abala 61.

Ní 1258, ní Oxford, àwọn ìjòyè gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi ìgbìmọ̀ ẹni 15 ti Henry, wọn kò dúró kí ó ṣẹ̀ mọ́. Ogun náà ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Simon de Montfort, olórí wọn, mú ọba ní Lewes ní 1264. Ní ọdún kejì, wọ́n pa á ní Evesham.

Ohun tí idà kò lè ṣe, àpò ọba tí ó gbẹ ṣe é. Ní 1225, nígbà tí Henry nílò owó ogun, ó tún ìwé náà fún wọn, wọ́n sì fún un ní ìdá kan nínú 15 ohun ìní wọn tí ó ṣeé gbé. Kò sí ẹni 25, kò sí ilé olódi tí a gbà. Síbẹ̀ ìwé ti 1225 yìí gan-an ni ó wọ inú òfin ilẹ̀ náà. Ní 1297, Edward, ọmọ Henry, ní láti fi ohùn sí i pé òun kì yóò gba irú owó bẹ́ẹ̀ mọ́ láìsí ìfohùnṣọ̀kan gbogbo ilẹ̀. Àwọn ará Scotland ti ṣẹ́gun ọmọ ogun rẹ̀ ní Stirling ní oṣù Kẹsàn-án. Òun fúnra rẹ̀ wà ní Ghent, ní ìsọdá òkun, lójú ogun mìíràn, nígbà tí ó fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá.