Ẹ̀rọ Tí Ó Ti Pẹ́ Nílẹ̀: Bí A Ṣe Ń Jí I Dìde
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ níbi àpèjọ ọdọọdún ní Ọ̀yọ́

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tí yóò ṣe ilé láǹfààní. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́, mo yan ọ̀rọ̀ kan tí kò ga rárá: ẹ̀rọ kékeré tí ń mu bẹntiróò, tí a gbé sí kọ̀rọ̀ ilé fún ọdún kan tàbí méjì, tí a sì wá ń fẹ́ kí ó tún ṣiṣẹ́.

Ẹ mọ bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe pọ̀ tó láàárín wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ń gba ọ̀pá àṣẹ, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà bẹntiróò tí a ń rà ní nǹkan bí 190 náírà ti kọjá 480 náírà; nígbà tí ó sì di ọdún 2024, ó kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Aránṣọ gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sí abẹ́ tábìlì. Ìyá ọlọ́ta dín ọjọ́ iṣẹ́ kù. Ẹni tí ó rí owó ra páànẹ́ẹ̀lì oòrùn kò tún wo ẹ̀yìn mọ́. Àwọn àgbẹ̀ tí ń gbin ẹ̀fọ́ ní etí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ọdọọdún ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ tí ń fa omi wọlé nígbà tí òjò bá rọ̀, tí wọn kì í sì í wò ó mọ́ títí ọyẹ́ yóò fi dé.

Nísinsìnyí ni àwọn tí ń ra òkú irin wá ń kiri, láti Akẹ̀sán dé Òwódé níhìn-ín, láti Tákíè dé Sábó ní ilé. Wọ́n ń fi òṣùwọ̀n wọn ẹ̀rọ bí ẹni wọn irin lásán, owó tí wọ́n sì ń san kò tó nǹkan kan lára iye tí tuntun jẹ́. Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé kí ẹnikẹ́ni má ta ẹ̀rọ tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó tú kàbúrétọ̀ rẹ̀ wò. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù, kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó kú. Epo tí a fi sínú rẹ̀ ni ó bàjẹ́.

Bẹntiróò kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Àdàlù ohun púpọ̀ ni. Èyí tí ó fúyẹ́ nínú rẹ̀, tí ó sì ń tètè gbaná, a máa fò lọ díẹ̀díẹ̀, pàápàá nínú ooru ilẹ̀ wa. Èyí tí ó kù a bá atẹ́gùn dàpọ̀, a sì di ohun tí ń lẹ̀ mọ́ irin gẹ́gẹ́ bí oje igi kajú ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Kò pé ọdún kí èyí tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù mélòó kan tó o. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, epo náà ti ní àbùkù kí ó tó dé ọwọ́ wa. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé epo tí methanol inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n ti wọ orílẹ̀-èdè yìí. Irú ohun bẹ́ẹ̀ a máa fa omi mọ́ra, ibi tí omi bá sì wà, ìpẹtà kò jìnnà.

Ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì ń béèrè, kò yàtọ̀ sí ààrò: epo, atẹ́gùn àti iná. Ẹ́ńjìnnì tí Nikolaus Otto, ará Jámánì, ṣe ní ọdún 1876 ni ìpilẹ̀ èyí tí ó pọ̀ nínú àwọn tí a ń lò. Ó fa epo àti atẹ́gùn mu, ó fún wọn pọ̀, iná jó wọn, ó sì tú èéfín síta. Ìṣe mẹ́rin ni, ọ́ìlì rẹ̀ sì ní ibùjókòó tirẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ènìyàn ń pè ní “I pass my neighbour” ń fi ìṣe méjì parí iṣẹ́ náà, inú bẹntiróò rẹ̀ ni a sì ń po ọ́ìlì sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ọ̀kan pe èkejì.

Ohun tí púpọ̀ wa ń ṣe ni pé a ó gbé ẹ̀rọ jáde, a ó da epo tuntun lé ògbólógbòó lórí, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn títí apá yóò fi máa ro wá. Èyí kò dára, nítorí ìpẹtà inú táǹkì yóò bá epo náà ṣàn lọ sí ibi tí kò yẹ kí ó dé. Ẹ jẹ́ kí okùn sinmi ná. Ẹ gbé ẹ̀rọ sí ìta gbangba, jìnnà sí iná ìdáná àti sìgá, kí ẹ sì wò ó yíká. Kòkòrò tí ń fi ẹrẹ̀ mọ ilé fẹ́ràn ihò èéfín. Eku sì fẹ́ràn abẹ́ ìdérí. Ẹ ṣí asẹ́ atẹ́gùn pẹ̀lú. Bí fóòmù inú rẹ̀ bá ti ń rún bí àkàrà àná, ẹ ra òmíràn, kí ẹ́ńjìnnì má baà fa èérún rẹ̀ mu.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tú gbogbo epo àtijọ́ jáde sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: òórùn rẹ̀ dà bí ti ọ̀dà, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí omi tíì. Ẹ má fi ẹnu fà á, nítorí oró ni, ó sì léwu púpọ̀ bí ó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí sí ẹ̀bá kànga. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe sọ pé kí ó má baà ṣòfò, kí ẹ wá dà á sínú àtùpà tàbí sítóòfù kẹrosíìnì. Irú ìṣọ́wóná bẹ́ẹ̀ ti sọ ilé di eérú.

Bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ oníṣe mẹ́rin, ẹ yí ọ́ìlì rẹ̀ padà. Èyí tí ó tóbi tó Honda GX160, tí àwọn ọlọ́ta fẹ́ràn, kò gbà ju nǹkan bí ìdajì lítà lọ, ó fi díẹ̀ lé. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ kán ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú ihò rẹ̀, kí ẹ sì rọra fa okùn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá le tí kò yí, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má fi agbára mú un.

Mo dé ìdí ọ̀rọ̀ wàyí, èyí ni kàbúrétọ̀. Ẹ ti ẹnu ọ̀nà epo, ẹ gbé abọ́ sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì tú ìdí rẹ̀ tí ó dà bí ife kékeré. Nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tí ń léfòó, abẹ́rẹ́ kékeré tí ń ṣí epo tí ó sì ń tì í, àti irin aláwọ̀ ìdẹ kan tí a dá ihò sí láàárín. Ihò náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú àgbà lè má rí i. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo epo tí ẹ́ńjìnnì ń mu ń kọjá. Bí oje epo àtijọ́ bá sì ti dí i, bí ẹ fa okùn títí di alẹ́, pàbó ni. Ẹ gbé irin náà sí ojú oòrùn kí ẹ sì wo inú rẹ̀: bí ẹ kò bá rí ìmọ́lẹ̀ ní òdìkejì, ẹ ti mú olè náà. Ẹ rẹ ẹ́ sínú bẹntiróò tuntun. Ẹ bọ́ wáyà iná, kí ẹ sì fi ẹyọ kan nínú okùn bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ la ihò náà. Bàbà rọ̀, kò ní ha á. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ yóò sọ ihò di ńlá, ẹ̀rọ yóò sì di ọ̀mu. Ọwọ̀ igbálẹ̀ lè kán sínú rẹ̀. Bí ẹ bá parí, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fẹ́ táyà kí wọ́n fi atẹ́gùn wọn fẹ́ ẹ. Ẹ kíyè sí bí ẹ ṣe tú u, kí ẹ lè tò ó padà bẹ́ẹ̀.

Ìyá ọlọ́ta kan wà ní ilé ní Ogbómọ̀ṣọ́ tí àìsàn dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró fún oṣù mẹ́rìnlá. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ẹ̀rọ kò dáhùn. Alátùn-únṣe kan ní ó ti kú pátápátá, kí wọ́n lọ wá owó tuntun. Ìyá ti ń bá àwọn olókùú irin ná an nígbà tí mo débẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ẹ má tì í tà á. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi wò ó.” Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Tíṣà, àbí ẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ mi kọ́ àwọn ọmọ yín níṣẹ́ ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ihò kékeré yẹn ni ó dí. Púlọ́ọ̀gì kan àti ọ́ìlì ni ìyá náà san owó rẹ̀, wọ́n sì ń lọ ata títí di òní.

Ti púlọ́ọ̀gì kò pẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ẹnu rẹ̀. Àlàfo ẹnu rẹ̀ nínú irú GX160 jẹ́ mìlímítà 0.7 sí 0.8, káàdì tí a fi ń gba owó ní báńkì fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ lè fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo bóyá ó ń tan iná, kí ó gbé epo kúrò nítòsí ná.

Wàyí, ẹ da epo tuntun díẹ̀ sí i. Fún oníṣe méjì, ìwọ̀n ọ́ìlì kan sí bẹntiróò àádọ́ta ni ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́, èyí ni mìlílítà 100 nínú lítà 5. Ẹ ti ṣóòkì, ẹ fa okùn. Bí ó bá dáhùn, ẹ ṣí ṣóòkì díẹ̀díẹ̀. Èéfín yóò pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọ́ìlì tí ẹ kán sínú rẹ̀ ni. Ẹ má bẹ̀rù. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké ṣùgbọ́n tí kò mú iná wá, ó ṣeé ṣe kí agbára òòfà inú rẹ̀ ti tán nítorí ìjókòó pípẹ́. Rọ̀wáyà tí ó mọ iṣẹ́ lè fi bátìrì jí i. Ẹ má dán an wò fúnra yín.

Inú dídùn ni ewu wà. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí a máa fẹ́ gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí olè má gbé e. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide, èyí tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí. Ó ń gba àyè atẹ́gùn rere nínú ẹ̀jẹ̀. Orí fífọ́ àti òòyì ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti sùn kò ní mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ìdílé odindi ti sùn bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ kò mọ́ bá wọn. Ìta ni àyè rẹ̀, ó kéré tán mítà mẹ́fà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ẹ fi ṣéènì dè é mọ́lẹ̀ níbẹ̀ bí ẹ bá ń bẹ̀rù olè. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má da epo sí i nígbà tí ó bá gbóná. Àwa tí a wà ní Ọ̀yọ́ kò tí ì gbàgbé ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2020 tí iná jó ọjà Akẹ̀sán. N kò sọ pé ẹ̀rọ ni ó fà á o. Bí iná ṣe ń yára ni mo ń rán wa létí.

Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ gbé e sílẹ̀, ẹ tú epo táǹkì, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ mu ìyókù inú kàbúrétọ̀ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò púlọ́ọ̀gì, ẹ fi aṣọ bò ó, kì í ṣe ọ̀rá, kí ooru má baà di omi sí i lára.

Mo gbé kàbúrétọ̀ kan tí a ti tú wá. Òun ni ó wà lórí tábìlì yìí, pẹ̀lú wáyà bàbà rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́ síwájú wá wò ó, kí àwọn ọ̀dọ́ tó dí yín lójú.