Adìyẹ Tó Ń Jẹ Ẹyin, Ewúrẹ́ Tó Ń Já Okùn: Ẹran Ọ̀sìn Nígbà Ọyẹ́

Ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín, kí ètè má baà là. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni ẹ ti ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Adìyẹ mi ń jẹ ẹyin ara rẹ̀." "Ewúrẹ́ mi ti ya wèrè." Àwọn kan tilẹ̀ ń béèrè bóyá kí wọ́n kúkú pa á jẹ.

Ẹ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ ná. Èmi náà ń sin adìyẹ mẹ́sàn-án àti ewúrẹ́ méjì ní Ìbàdàn. Onílé wa sì ti kìlọ̀ pé ọjọ́ tí ewúrẹ́ bá wọ ọgbà ẹ̀fọ́ òun, kí n wá ilé míì gbà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kan èmi gan-an.

Ẹ jẹ́ ká mú ti adìyẹ. Láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì, atẹ́gùn tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ máa ń gbẹ ilẹ̀ àti koríko. Kòkòrò á dín kù, ewé tútù á wọ́n. Adìyẹ tí kò rí nǹkan tàn nílẹ̀ á kọjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì máa tu ìyẹ́ ìdí ara wọn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde péré, gbogbo wọn á dà bo ẹni náà, wọ́n sì lè ṣá a pa. Ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, kí egbò rẹ̀ san kó tó padà. Fún àwọn tó kù, ẹ so ìdì ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ rọ̀ sókè díẹ̀, kí wọ́n máa na ọrùn sí i. Á gbà wọ́n lákòókò.

Ẹyin jíjẹ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyin tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, tó fọ́ fúnra rẹ̀. Adìyẹ tó bá ti tọ́ ọ wò kò ní gbàgbé. Òwúrọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń yé, nítorí náà ẹ tètè kó o. Ẹ yan ìkarahun ìgbín, ẹ gún un kúnná, ẹ pò ó mọ́ oúnjẹ wọn kí èèpo ẹyin lè le. Kí omi má sì tán lọ́sàn-án.

Ẹ̀yin tó ń rọ ata sínú ẹyin láti fi kọ́ ọ lọ́gbọ́n, ẹ sinmi. Ata kì í ta ẹyẹ. Ta lẹ rò pé ó ń gbin ata wẹ́wẹ́ tó ń hù lẹ́yìn ilé? Ẹyẹ ló jẹ ẹ́, tó ṣu ú síbẹ̀. Òkúta funfun roboto ni kí ẹ gbé sínú ìtẹ́. Tó bá ṣá a títí tí kò fọ́, á sú u.

Ewúrẹ́ ló le jù. Èyí tí ẹ rà sílẹ̀ de ọdún, tí ẹ so mọ́ òpó ní òun nìkan, tó ń ké mọ́jú: kò sí àjẹ́ kankan lára rẹ̀. Ẹran tó ń rìn lágbo ni, ìdáwà ń dẹ́rù bà á. Ẹ wá ìkejì fún un, tàbí kí ẹ so ó síbi tí á ti máa rí èèyàn.

Èyí tó ń já okùn, ebi ni. Èèpo gbáàgúdá tí mo ti sá gbẹ nínú oòrùn ni mò ń fún tèmi, torí tútù rẹ̀ lè ní májèlé, àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mò ń gbà lọ́wọ́ ìyá oní-dòdò. Àárọ̀ kùtùkùtù ni, kí wọ́n tó ronú àtijáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, ẹ̀fọ́ onílé ṣì dúró ṣinṣin. Ojoojúmọ́ ni mo ń yọjú wò ó.

Bó bá ń lá ògiri, iyọ̀ ló sábà ń wá. Ẹ fi díẹ̀ sínú àwo fún un. Ẹ ṣa ọ̀rá píọ́ wọ́tà nílẹ̀ o! Kì í dà nínú ikùn ewúrẹ́, ṣe ló ń kóra jọ títí á fi pa á. Ẹ ti ilẹ̀kùn ibi tí gàrí àti oúnjẹ adìyẹ wà. Bó bá jẹ àgbàdo yó lójijì, tí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ wú, ẹ pe dókítà ẹran kíá.

Àmọ́ adìyẹ tí ọrùn rẹ̀ lọ́, tó ń pòòyì, àìsàn nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àrùn Newcastle, tó máa ń jà gan-an nígbà ọyẹ́. Kò ní oògùn. Àjẹsára ló ń dènà rẹ̀. Ewúrẹ́ tí imú àti ojú rẹ̀ ń ṣàn, tó ń ṣu gbuuru, ó lè jẹ́ èyí tí àwọn oníṣòwò ẹran ń pè ní kata. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ má sì sáré gbé e lọ sọ́jà fún ẹlòmíì.

Bí tiyín bá ń ṣe ohun tí n kò mẹ́nu bà, ẹ ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Fídíò o, ẹ má fi ẹnu sín igbe rẹ̀ fún mi mọ́.