Kí Ayàwòrán Tó Yà, Ó Ti Yá: Gbèsè Tí Eré Àwòrán Ilẹ̀ Japan Jẹ Ilẹ̀ àti Ènìyàn

Mo kí àwọn ọmọdé tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀rọ̀ kàtúùnù la fẹ́ sọ, tí wọ́n fi dìrọ̀ mọ́ àwọn ìyá wọn wá. Ẹ̀yin lẹ ni ọjọ́ òní. Àwa àgbà kàn bá yín dá sí i ni.

Nínú àlọ́ tiwa, ìlú kì í sábà ní orúkọ. "Ní ìlú kan báyìí" ni apàlọ́ ń wí, ọ̀rọ̀ ti délẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ eré àwòrán ilẹ̀ Japan, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní anime, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè bá iwin pàdé nínú rẹ̀, ẹ lè rí ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn lórí omi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wádìí díẹ̀, ẹ ó kan ìlú tí orúkọ rẹ̀ wà nínú máàpù, ẹ ó sì kan ẹnìkan tó ṣàìsàn rí, tí ebi pa rí, tó sunkún rí.

Èdè wa ti bá mi ṣe kókó ọ̀rọ̀ mi ní ṣókí. Ohùn nìkan ló wà láàárín "yà" àti "yá". Àwòrán là ń yà. Ohun olóhun là ń yá. Ohun tí mo wá sọ ni pé kí ayàwòrán tó yà, ó ti yá. Ó ti yá igbó lọ́wọ́ àdúgbò, ó ti yá ìrora lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́. Ẹni tó bá sì yá nǹkan, ẹ jẹ́ ká bi í léèrè bó ṣe san án.

Igbó tó ra ara rẹ̀ padà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Hayao Miyazaki, adarí eré àwòrán tí wọ́n bí ní 1941. Ìlú Tokorozawa, ní ẹ̀bá Tokyo, ló fi ṣe ibùgbé. Àwọn òkè kéékèèké Sayama wà nítòsí ibẹ̀, pẹ̀lú igbó, oko tíì àti ọ̀nà ẹsẹ̀. Lára ilẹ̀ yìí ló ti yá àyíká My Neighbor Totoro, tó jáde ní 1988. Àwọn ọmọbìnrin méjì, Satsuki àti Mei, bá bàbá wọn kó lọ sí abúlé torí pé ìyá wọn wà ní ilé ìwòsàn. Inú igbó ẹ̀yìn ilé ni Mei ti kọ́kọ́ bá Totoro pàdé, ẹ̀dá ńlá onírun tó fẹ́ràn oorun.

Ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ní ibi tó ti wá. Nígbà tí Miyazaki wà lọ́mọdé, irú ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń ba eegun ẹ̀yìn jẹ́ dá ìyá tirẹ̀ dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wá wo Mei, ọmọ ọdún mẹ́rin. Wọ́n sọ fún un pé àgbàdo inú oko máa ń fún ara lókun. Ó ya ẹyọ kan, ó gbá a mọ́ àyà, ó sì fi ẹsẹ̀ kúkúrú rẹ̀ kọrí sí ilé ìwòsàn tí kò mọ ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kò ṣàìsàn pẹ́ rí lè ya ọmọ tó ń sunkún. Àgbàdo yẹn ní tirẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ ló ti wá.

Báwo ni gbèsè náà ṣe di sísan? Ilé kíkọ́ ti ń jẹ àwọn òkè Sayama díẹ̀díẹ̀. Ní 1990, àwọn tó fẹ́ràn igbó náà dá àpò owó kan sílẹ̀, Miyazaki sì gbà kí wọ́n fi orúkọ Totoro pè é. Owó ìdáwó ni wọ́n fi ń ra igbó náà ní abala-abala, tí wọ́n ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà: Igbó Totoro Kìíní, Ìkejì, Ìkẹta. Wọ́n ti rà ju 50 lọ. Iwin tí a yà láti inú igbó ti di ọdẹ tó ń ṣọ́ igbó.

Agolo súìtì

Ní April 16, 1988, ọjọ́ tí Totoro jáde gan-an, wọ́n gbé fíìmù mìíràn jáde pẹ̀lú rẹ̀ nínú sinimá kan náà: Grave of the Fireflies, tí Isao Takahata darí. Ohun tí òun yá wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni òǹkọ̀wé Akiyuki Nosaka nígbà tí bọ́ǹbù ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà jó ìlú Kobe ní June 1945. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ là á já kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ebi ló pa ọmọ náà. Nosaka jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé òun jẹ nínú oúnjẹ tó yẹ kí òun fún un. Ní 1967, ó kọ ìtàn kan. Ẹ̀gbọ́n tó ń jẹ́ Seita nínú ìtàn náà gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n, ó jí oúnjẹ nítorí rẹ̀, òun náà sì kú níkẹyìn. Ẹ̀gbọ́n inú ìtàn sàn ju ẹ̀gbọ́n tó kọ ìtàn lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀bẹ̀ Nosaka wà.

Takahata náà kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin sá la iná kọjá ní ìlú Okayama, nínú oṣù June kan náà. Ìdí nìyẹn tí iná inú fíìmù rẹ̀ kò fi jọ iná orí ìtàgé.

Ohun kan wà tí n kò lè gbàgbé níbẹ̀: agolo súìtì. Nígbà tí súìtì tán, Seita bu omi sí inú agolo náà, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì gbé e fún àbúrò rẹ̀ kó mu adùn tó ṣẹ́kù. Nígbà tó yá, egungun ọmọ náà ni wọ́n kó sínú agolo yẹn. Irú gbèsè yìí, kò sí ẹni tí a ó san án fún, nítorí ẹni tó ni ín ti lọ. Gbogbo ohun tí ayàwòrán lè ṣe ni kó má purọ́ nípa rẹ̀.

Lẹ́kúlẹ́jà ọlọ́wọ́ mẹ́fà

Ẹ jẹ́ ká yí ojú padà síbi tó tutù díẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà ní ìlú Koganei, tí kò jìnnà sí iléeṣẹ́ Ghibli, ibi tí Miyazaki ti ń ṣiṣẹ́. Ìgboro Tokyo ni wọ́n ti tú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ tó wà níbẹ̀, tí wọ́n sì tò wọ́n padà kí wọ́n má bàa parun. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta búrọ́ọ̀ṣì àti ìwé ìkọ̀wé. Bí ẹ bá wọlé, ara ògiri kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè jẹ́ kìkì dúrọ́ọ̀ onígi kéékèèké, ó lé ní 300.

Miyazaki dúró síwájú àwọn dúrọ́ọ̀ wọ̀nyẹn. Nígbà tí Spirited Away jáde ní 2001, wọ́n ti di àpótí egbòogi Kamaji, bàbá ọlọ́wọ́ mẹ́fà tó ń dáná omi ní ilé ìwẹ̀ àwọn iwin, tó ń na ọwọ́ gígùn fa dúrọ́ọ̀ bí lẹ́kúlẹ́jà tó mọ ibi tí ewé kọ̀ọ̀kan wà láìwojú. Nínú fíìmù kan náà, àlejò kan wọlé tí òórùn rẹ̀ kò ṣeé gbà mọ́ra. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n kọ́kọ́ fà yọ lára rẹ̀, ìdọ̀tí yòókù sì tú jáde. Odò ni àlejò náà. Miyazaki ti bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ gbá odò rí, wọ́n sì ti fa kẹ̀kẹ́ jáde nínú rẹ̀. Ní ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn, Miyazaki fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n ń lò bí àmì. Gbèsè kékeré, owó ìsanpadà kékeré.

Ebúté Tomonoura

Ní 2005, Miyazaki lọ gbé fún nǹkan bí oṣù méjì ní Tomonoura, ìlú apẹja kan lẹ́bàá òkun ní ìpínlẹ̀ Hiroshima. Láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi máa ń dúró sí títí ìṣàn omi òkun yóò fi yí padà. Àtẹ̀gùn òkúta tó sọ̀ kalẹ̀ wọ inú omi ṣì wà níbẹ̀ di òní. Ibẹ̀ ló ti yá òkun tó lò fún Ponyo, tó jáde ní 2008. Sosuke, ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún inú rẹ̀, ló sì yá lára ọmọ tirẹ̀, Goro.

Ìjọba ìbílẹ̀ ti ń gbèrò tipẹ́ láti da yẹ̀pẹ̀ dí apá kan ebúté náà, kí wọ́n sì gbé afárá gba ibẹ̀. Àwọn ará ìlú gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Ní October 1, 2009, kóòtù Hiroshima dá iṣẹ́ náà dúró, ó ní ẹwà ibẹ̀ tó ohun tí òfin ń dáàbò bò. Kì í ṣe fíìmù ló jàre ẹjọ́. Àwọn olùgbé ti wà lórí ìjà kí Ponyo tó jáde. Àmọ́ nígbà tí adájọ́ ń sọ̀rọ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn tí kò débẹ̀ rí ti mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí.

Àwọn tó ń yà síbẹ̀

Bí ẹnìkan bá yá nǹkan tó sì kó èrò wá bá onínǹkan, ṣé ó ti san án? Ní Kamakura, ojú irin kan dábùú títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun. Ó hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ eré tẹlifíṣọ̀n Slam Dunk láti 1993, àwọn olólùfẹ́ sì ń yà síbẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè títí di òní. Wọ́n ń dúró láàárín títì nítorí fọ́tò tí mọ́tò ń fọn fèrè, débi pé wọ́n ní láti gba ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀. Àwọn ará Japan ń pe irú ìrìnàjò yìí ní ìrìnàjò sí ilẹ̀ mímọ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ mímọ́ ló mọ bí ariwo rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ayàwòrán ló yá a. Aládùúgbò ló ń san èlé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń yàwòrán lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ tí mo fi rán yín kò ju ẹyọ kan lọ. Lẹ́yìn àwòrán yín tó ń bọ̀, ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ ti yá a, tàbí orúkọ ẹni tí ẹ yá a lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí orúkọ kankan kọ, ẹ tún dìde, ẹ lọ wo nǹkan sí i.

Èmi náà ti yá àkókò yín láti àárọ̀. Ẹ gba ìyókù rẹ̀ padà.